Ìyá Ìbejì, Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Tọwọ́ Bọ̀wé

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ọlọ́run tó yọ Bàbá Ìbejì nígbà tí lọ́rì gbá wọn lórí ọ̀kadà kò ní í jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá kí yín ò ní tíì dá nínú ilé, àwọn ìbejì náà ò sì ní yé béèrè ìdí tí bàbá wọn fi ń jágbe mọ́ wọn. N ò fẹ́ kí èsì mi pẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí lóru, kí n lè fi rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sọ́dọ̀ yín ní Ìkòròdú láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí n sùn. Àkọ́kọ́ ni ibi tí o ti kọ pé ara Bàbá Ìbejì ti yá, àfi pé ìwà wọn ò jọ tiwọn mọ́. Èkejì ni ti ọ̀gá tó ni lọ́rì, tó kó àwọn àgbààgbà wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀ yín, tó gbé owó sínú àpòòwé, tó sì mú ìwé kan dání pé kí Bàbá Ìbejì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá, pé ẹ ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́ láé. O ní wọ́n máa padà wá lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má tíì jẹ́ kí Bàbá Ìbejì tọwọ́ bọ ìwé kankan.

O mọ̀ pé ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe kékeré, wọ́ọ̀dù àwọn tó fi orí ṣèṣe ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá kán lẹ́sẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n dì, wọ́n á dìde fún un nínú ọkọ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ń rìn, ó ń jẹun, ó ń dá àwọn èèyàn lóhùn tí wọ́n bá kí i. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn nínú ilé nìkan ló mọ̀ pé ohun kan ti yí. Nígbà tí mo dé ibi tí o kọ pé Bàbá Ìbejì bú sẹ́kún torí pé wọn ò rí kọ́kọ́rọ́, pé ohun kan náà ni wọ́n ń bi ọ́ léraléra kí ẹ tó jẹun tán, pé iná pálọ̀ ń ta wọ́n lójú, pé àwọn tí kì í gbé ohùn sókè rí wá ju abọ́ lu ògiri, kò ṣòro fún mi láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe ìyá wọn tó wà lábúlé. Kì í sì í ṣe pé ọkọ rẹ ò fẹ́ràn rẹ mọ́. Ọpọlọ wọn ló ṣèṣe.

Bí o bá mi àgbọn létí, o máa gbọ́ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gbá ara èèpo. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń gbá egungun agbárí nígbà tí ọ̀kadà bá sọ èèyàn mọ́ ọ̀dà títì. Èyí tó wà níwájú, lẹ́yìn iwájú orí wa níbí, ló sábà máa ń jìyà rẹ̀ jù, ibẹ̀ sì ni sùúrù wà, ibẹ̀ ni a fi ń kó ara wa níjàánu, ibẹ̀ la fi ń mọ ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1848, ní ìpínlẹ̀ Vermont l'Ámẹ́ríkà, irin gbọọrọ kan gba inú orí ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kan kọjá, Phineas Gage lorúkọ rẹ̀. Kò kú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn, ó sì tún lo ju ọdún 11 lọ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n John Harlow, dókítà tó tọ́jú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwà ọkùnrin náà yí padà débi pé àwọn tó gbà á síṣẹ́ ò lè fi í sí ipò rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé ẹnì kan ló fi nǹkan ṣe wọ́n, sọ fún un pé lọ́rì ló gbá wọn.

O ní dókítà sọ pé ìfarapa náà ò le. Wo ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín dáadáa, o máa rí GCS níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Òṣùwọ̀n tí Teasdale àti Jennett gbé jáde nílùú Glasgow lọ́dún 1974 ni. Wọ́n á wò ó bóyá èèyàn ń lajú, bóyá ó ń fèsì, bóyá ó ń gbé apá àti ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ní kó gbé e. Ẹni tó yè kooro máa gba 15, ẹni tí kò mọ nǹkan kan máa gba 3. Ẹni tó bá gba 13 sí 15 ni wọ́n ń kọ ọ́ fún pé tirẹ̀ ò le. Ohun tí wọ́n ń sọ ni bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Wọn ò sọ bóyá olùkọ́ bíi Bàbá Ìbejì á padà lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò, bóyá á lè jókòó nínú ariwo kíláàsì láì jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ. Àwòrán CT scan pàápàá lè mọ́ gaara, kí àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín inú ọpọlọ sì ti fà ya láìhàn síta. Mo ń sọ èyí torí pé gbólóhùn "kò le" yẹn gan-an ni ọ̀gá onílọ́rì máa dì mú, òun náà ni ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rẹ̀ máa dì mú. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà, kì í sì í ṣe dókítà ìbà. Dókítà ọpọlọ. Tí ẹ bá lè wá sí Ìbàdàn, inú mi máa dùn, torí ní ilé ìwòsàn UCH yìí ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ti Amẹ́ríkà dé lọ́dún 1962. Ọ̀gbẹ́ni náà ì bá jókòó sọ́hùn-ún kó máa gba owó dọ́là, ó wá síbí tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan, ó ń la orí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà, ó tún ń kọ ewì. Kò tíì pé 50 ọdún tó fi kú lọ́dún 1974. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í dárúkọ rẹ̀ láìṣe ìbà. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá níwájú ilé ìkàwé tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ ni mo máa ń dúpẹ́. Kò di dandan kí ẹ wá sí Ìbàdàn ṣá, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àrábà náà ní àwọn tó mọṣẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹni tó mọ̀ nípa ọpọlọ kọ ohun tó rí sínú ìwé.

Kí n tó kúrò lórí ti ìlera, gbọ́ èyí kí o má gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó fi ara hàn. Bí ẹ̀fọ́rí wọn bá ń le sí i, tí wọ́n ń bì, tí oorun wọn ń wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, má dúró di àárọ̀, gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Wárápá lè tẹ̀ lé ìfarapa orí, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún. Bó bá ṣẹlẹ̀, yí wọn sí ẹ̀gbẹ́, kó ohun tó lè ṣe wọ́n léṣe kúrò nílẹ̀, má sì ki ṣíbí bọ̀ wọ́n lẹ́nu. O sọ̀rọ̀ òkè àdúrà tí ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ mú wọn lọ. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á fún yín. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ dá oògùn dúró, torí oògùn wárápá tí èèyàn kàn já lójijì lè mú gìrì dé lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ níbẹ̀ pé kí wọ́n na ẹ̀mí burúkú jáde lára wọn, dìde, kí o mú ọkọ rẹ máa bọ̀ nílé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ owó tó gbé mi jókòó.

Mo mọ bí ó ṣe rí lára nígbà tí àwọn àgbàlagbà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú èèyàn. Ojú á ti ni. Wọ́n á ní kádàrá ni, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó gbèrò rẹ̀, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣe. Bàbá Ìbejì sì jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n bẹ òun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dárí jì wọ́n tọkàntọkàn, n ò ní kí ẹ máà ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìdáríjì ò ní kí ìwé tí wọ́n mú wá di títọwọ́bọ̀. Ta ló mọ ohun tí orí máa ná yín? Ìwọ ò mọ̀, èmi ò mọ̀, dókítà pàápàá ò tíì lè sọ ọ́ báyìí, torí pé èyí tó máa padà bọ̀ sípò lára ọpọlọ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹni tó bá gba owó ìkẹyìn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìjàǹbá ti ta ọjà tí kò tíì mọ iye rẹ̀. Mo ti rí ìyàwó olùkọ́ kan tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ta góòlù rẹ̀, lórí ọkọ tí wọ́n fi owó tí kò tó owó iyàrá ọdún kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. N ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò rò dé: kò di dandan kí ọ̀gá náà ta ilé rẹ̀ kó tó lè san owó gbà-má-bínú yìí. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ sójú títì gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò, ìnṣọ́ráǹsì tí gbogbo wa ń pè ní third party, nítorí ẹni tí ọkọ̀ náà bá pa tàbí tó bá ṣe léṣe. Nítorí irú èèyàn bíi Bàbá Ìbejì ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Ọdọọdún làwọn ọlọ́kọ̀ ń san án. O rántí bí ariwo ṣe sọ nígbà tí wọ́n gbé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kúrò ní 5,000 náírà sí 15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023? Ká ní àwọn tó ń san án mọ̀ pé ó ní ìgbà tó máa ń wúlò! Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni pé ìwé tí wọ́n fi ń yẹra fún ọlọ́pàá ni. Nọ́ńbà lọ́rì yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò jọ ń lò, tí wọ́n ń pè ní NIID, bóyá ìwé tí dẹ́rẹ́bà fi han ọlọ́pàá jẹ́ ojúlówó, torí ayédèrú wọn pọ̀ lójú títì. Ó yẹ kí lọ́yà tí ẹ bá gbà fi tó ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà létí pé ẹjọ́ ń bọ̀ kó tó gbé e lọ sí kóòtù. Bí o bá sì rí i pé kò ní ìnṣọ́ráǹsì, ẹ̀bi ò kúrò lọ́rùn ọ̀gá náà. Ọjà rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ń kó lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́, òun náà ló máa dáhùn fún ohun tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà.

O béèrè pé ṣé ẹjọ́ tí ọlọ́pàá fẹ́ gbé dẹ́rẹ́bà lọ kò tó. Kò tó. Ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ láàárín ìjọba àti dẹ́rẹ́bà, lórí pé ó wa ọkọ̀ níwàkuwà. Owó ìtanràn tó bá san, àpò ìjọba ló ń lọ. Tiyín yàtọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ sí kóòtù fúnra yín, ohun tí ẹ sì máa fi hàn níbẹ̀ ni pé dẹ́rẹ́bà náà kò kíyè sára bó ṣe yẹ, pé àìkíyèsára yẹn ló ṣe Bàbá Ìbejì léṣe, àti iye tí ìpalára náà ti gbà lọ́wọ́ yín. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá dẹ́rẹ́bà náà sílẹ̀ ní kóòtù tọ̀hún, ìyẹn ò pa tiyín.

Ìgbà wà fún un o. Ní Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tí àìkíyèsára ẹlòmíràn ṣe léṣe láti pe ẹjọ́, láti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ó dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n o mọ bí oṣù ṣe ń sáré nílé tí aláìsàn bá wà. Ká ní ọkọ̀ ìjọba ni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń wà á lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 péré ni. Mo sọ ìyẹn torí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ṣàgámù, tí o ní ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọlù. Bá mi sọ fún un kíákíá.

Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ lórí ti akoto, mo fẹ́ kó kúrò lọ́kàn rẹ. O ní ọ̀gá onílọ́rì sọ pé Bàbá Ìbejì ò dé akoto lórí ọ̀kadà, nítorí náà wọn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó ń dẹ́rù bà yín ni. Òfin Èkó ò sọ pé ẹni tó ní ẹ̀bi díẹ̀ máa pàdánù gbogbo rẹ̀. Adájọ́ á wo ìdá tó kan kálukú, á yọ ìdá tiyín kúrò nínú owó náà, á sì ní kí wọ́n san ìyókù. Akoto kọ́ ló wa lọ́rì gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ akoto yìí máa ń dùn mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ ọ́ di dandan, o rántí pé igbá làwọn mìíràn dé sórí, àwọn mìíràn dé ike, àwọn èrò sì ń sọ pé àwọn ò ní fi orí àwọn sínú ohun tí ẹlòmíràn ti dé, kí wọ́n má baà fi oògùn sí i. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá, Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí orí jẹ́ lójú wa. Ìdí tí orí fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú wa gan-an ló fi yẹ ká fi ohun tó le bò ó. Ra akoto tìrẹ, kí o kọ orúkọ rẹ sínú rẹ̀, kó o máa gbé e dání.

Ní báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ra ìwé kan, èyí tó nípọn. Láti alẹ́ òní ni kí o ti máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ sínú rẹ̀: iye wákàtí tí wọ́n sùn, ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ohun tí wọ́n gbàgbé, ìgbà tí wọ́n bínú àti ohun tó fà á, ọjọ́ tí wọn ò lè dìde. Kọ èyí tó dára náà sí i, má ṣe àbùmọ́, kí ẹni tó bá kà á lè gbà ọ́ gbọ́. Kóòtù ò lè sùn sílé yín, ìwé yìí ló máa fi ohun tí o rí hàn wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wọn àti olùkọ́ tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe mọ̀ wọ́n sí tẹ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe rí báyìí. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣáájú ìjàǹbá ni ẹlẹ́rìí tó níye lórí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Rìsíìtì ńkọ́? Má sọ ẹyọ kan nù. Owó tí èèyàn ti ná, adájọ́ ní Nàìjíríà kì í fi ojú àánú wò ó, èèyàn gbọ́dọ̀ kà á ní ẹyọ ẹyọ nínú ìwé ẹjọ́, kó sì fi ẹ̀rí ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Owó àwòrán, owó oògùn, owó ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ, owó tí ẹ fi gba ẹni tó ń jókòó tì wọ́n. Àwọn oníkẹ́míìsì àdúgbò tí kì í kọ rìsíìtì, ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀. Ti owó lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tí wọn ò lè ṣe mọ́, wá orúkọ àwọn òbí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ fún àti iye tí wọ́n ń san. Ti ìrora, ti ayọ̀ tó dín kù nínú ayé wọn, ti iṣẹ́ tí wọ́n lè má lè ṣe mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni adájọ́ máa fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n, ìwé rẹ sì ni yóò fi díwọ̀n rẹ̀. Ẹ tún lọ gba ẹ̀dà ìwé tí àwọn ọlọ́pàá àti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó kọ lórí ìjàǹbá náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó ní ojú òun ló ṣe.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, tí wọ́n ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń da lára rẹ̀, inú mi ò tíì rọ̀ lórí rẹ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ní òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ̀ láti ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́: ìwà àìdáa ni. Kọ wákàtí tí ẹ débẹ̀ àti wákàtí tí ẹ kúrò níbẹ̀ sílẹ̀, kí o sì sọ fún lọ́yà.

Ohun mìíràn rèé tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ọ. Ìgbà tí wọ́n ń ti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ ni lọ́rì gbá wọn. Òfin kan wà láti ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe, ó sì ka ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé-ìwé aládàáni, ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ àjọ NSITF nítorí irú ọjọ́ yìí. Ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ kejì gan-an ni o ti pe ọ̀gá wọn, ó dára, ṣùgbọ́n kọ lẹ́tà sí i báyìí, kó tọwọ́ bọ ẹ̀dà rẹ. Kí ẹ sì béèrè fún owó náà lọ́wọ́ NSITF kí ọdún kan tó pé. Jẹ́ kí lọ́yà mọ̀ nípa ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, kí èyí má baà dí èyí lọ́wọ́.

Lọ́yà tí mo ń wí yìí, má jẹ́ kí owó rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Ìjọba Èkó ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Office of the Public Defender, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká owó lọ́yà. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá. Má dá àwọn tó ń rìn kiri níwájú àgọ́ ọlọ́pàá lóhùn, àwọn tó ní àwọn mọ ọ̀gá kan tó mọ ọ̀gá kan. Bí ó bá sì di pé orí Bàbá Ìbejì ò gbé e láti jókòó ti ẹjọ́, òfin fàyè gba ẹlòmíràn láti dúró fún wọn. Ìwọ lè dúró. Ìdí mìíràn tún nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n tọwọ́ bọ nǹkan kan báyìí. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀, irú àdéhùn wo ló fẹ́ ṣe? Èèyàn lè padà lọ jà á ní kóòtù pé orí wọn ò pé nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ẹjọ́ méjì ṣe nígbà tí ọ̀kan ti tó wa?

Tí wọ́n bá wá lọ́jọ́ Àìkú, gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fún wọn lómi. Bí wọ́n bá fẹ́ san nínú owó ilé ìwòsàn, gbà á, kí o sì kọ ọ́ sínú ìwé níwájú wọn pé owó ìtọ́jú ni, pé kò parí ọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá gbà kí o kọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé owó wọn padà. Sọ fún wọn pé lọ́yà yín máa kàn sí wọn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì lè bínú pé o fẹ́ ba orúkọ ìdílé jẹ́. Fi lẹ́tà mi hàn án, kó pè mí.

Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? O kọ ojú ewé mẹ́rin, o ò sọ gbólóhùn kan nípa ara rẹ. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Jẹun. Jẹ́ kí àbúrò rẹ mú àwọn ìbejì lọ sùn sílé rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ilé lè parọ́rọ́, ariwo kì í ṣe ọ̀rẹ́ orí tó ń sàn. Bí inú bá ń bí wọn, má bá wọn jà, kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lè má rántí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ tàbí sí àwọn ọmọ, sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà, má fi pa mọ́ nítorí ojú ayé.

Mo ti bá ọmọ mi tó jẹ́ lọ́yà sọ̀rọ̀, ó máa pè ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá sùn di Àìkú kí àwọn àgbààgbà wọ̀nyẹn lè bá mi níbẹ̀. Kó gbogbo ìwé yín sínú àpò kan dè mí: káàdì ilé ìwòsàn, fíìmù CT scan, rìsíìtì, ìwé ọlọ́pàá, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wọn. Tí fíìmù náà bá ṣì wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ní kí àbúrò rẹ lọ gbà á lọ́la. Màá mú gààrí Ìjẹ̀bú àti èlùbọ́ wá, má wulẹ̀ dáná dè mí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o bá mi fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dámi